Bí abúlé létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ṣe lè fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ bọ́ sórí iná oòrùn

Kì í ṣe ìgboro Ẹ̀pẹ́ ni mò ń bá wí níbí. Àwọn abúlé tó wà láàárín Àgbọ̀wá, Ìtóìkín àti Èjìnrìn ni mo ní lọ́kàn, títí dé àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn: ilé bí 60 tàbí 80, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, àti àwọn ìyá tó ń kó ẹja lọ sí ọjà Olúwo láfẹ̀mọ́jú. Tí òpó iná bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹyẹ ló ń bà sórí wáyà rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni mí, irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti bí ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe sólà kiri agbègbè yìí, mo ti rí ibi tó yanjú, mo ti rí ibi tó dàrú. Níbi tó ti dàrú, oòrùn kọ́ ló kọ̀ tí kò ràn. Owó bátìrì kejì ni kò sẹ́ni tó bèèrè nígbà tí wọ́n ń ra ti àkọ́kọ́.

Abúlé ìyá mi gan-an ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi onísólà wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lu ìlù, wọ́n lọ. Nígbà tó di ọdún kẹta, omi dá. Mo lọ wò ó. Páńẹ́lì ń dán gbinrin, ẹ̀rọ inú kànga kò ní àbùkù kankan. Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti wú bí búrẹ́dì, kò sì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ láti fi ra òmíràn, torí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní kí omi náà jẹ́, ẹnikẹ́ni kò san nǹkan kan rí. Àwọn ìyá gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tún gba ọ̀nà odò lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó fi máa pọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tí abúlé ń ná báyìí

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ wá ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láàárín Alásàrí sí Màgàríbì, nígbà tí ará oko àti ará odò ti wálé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bèèrè pé "kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe?" Gbogbo ohun tí èèyàn ti rí nílé olówó l'Ékòó ni yóò kà sílẹ̀. Owó ni kí wọ́n bèèrè. Eélòó lẹ fi ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Eélòó lẹ ń san láti fi cháàjì fóònù? Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Yìnyín ńkọ́? Eélòó lẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ń gbà lórí apẹ̀rẹ̀ kan?

Èmi náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gílóòbù ni mo rò pé abúlé ń wá, àfìgbà tí mo jókòó ti Alhaja kan tó ń ta ẹja.

"Alhaja, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, eélòó ni yìnyín tí ẹ rà lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọmọ mi, èwo ni kí n kà? Mo rà á láàárọ̀, ó yọ́ kí n tó dé ibi ọkọ̀. Mo tún òmíràn rà."

"Èyí tí kò bá tà nínú ẹja yẹn ńkọ́, mà?"

"Yíyan náà ni. Èyí tí mi ò bá sì tètè yan, o mọ òórùn rẹ̀."

Ó ṣí agbada tó gbé síwájú fún mi. Epìà àti àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ojú àwọn tó wà lókè ti ń funfun, omi pupa ti ń ṣẹ́ jọ sísàlẹ̀ níbi tí yìnyín wà láàárọ̀. Fírísà kan péré ní ẹsẹ̀ omi, owó tó ń yọ́ dànù yẹn á kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ sínú ìwé, ilé sísùn á tẹ̀ lé e. Ẹni tí iná ń bá pawó kì í gbàgbé láti sanwó iná.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ ọ́ di yúnìtì

Yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà nígboro náà ni. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 yóò tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúnìtì 1. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 1. Tí ọ̀rọ̀ méjì yìí bá yé gbogbo abúlé, ìdajì àríyànjiyàn tó ń bọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò abúlé onílé 80. Ká ní ilé 55 nínú wọn kò lò ju gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, rédíò àti fóònù lọ. Ẹ ka 0.4 yúnìtì lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 22. Ilé 20 ní tẹlifíṣọ̀n àti fáànù méjì, 1.2 yúnìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 24. Ilé 5 tóbi, wọ́n ní fíríìjì, yúnìtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 15. Fírísà ẹja 6, yúnìtì 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, 12. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ 2 tó ń lo mọ́tò ẹṣin 3, ìyẹn kílówáàtì 2.2, fún wákàtí 3 lójúmọ́, nǹkan bí 13. Ẹ̀rọ ata 2 fún wákàtí 2, nǹkan bí 9. Ẹ̀rọ omi, yúnìtì 4; iná ojú ọ̀nà, yúnìtì 4. Ilé ìwòsàn kékeré, ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lápapọ̀, 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 113 lójúmọ́.

Gbogbo ohun tí páńẹ́lì bá mú wá kọ́ ló ń dé inú ilé. Ooru ń jẹ lára rẹ̀, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná páńẹ́lì àti ti bátìrì di irú iná tí à ń lò nínú ilé, ń jẹ lára rẹ̀, wáyà àti bátìrì náà ń jẹ tiwọn. Ẹ pín 113 sí 0.75, ẹ ó rí nǹkan bí 151. Ìyẹn ni páńẹ́lì gbọ́dọ̀ pèsè.

Ibí yìí ni àwọn tó ń ta sólà ti ń ṣi abúlé lọ́nà. Oòrùn oṣù kejì ni wọ́n fi ń ṣírò. Ní etí òkun wa níbí, oṣù keje àti ìkẹjọ ló burú jù, tí òjò ń ṣú mọ́jú tó tún ń ṣú di alẹ́. Ẹ má ka oòrùn tó dájú sí ju wákàtí 3.5 lójúmọ́ lọ fún ìgbà náà. Ẹ pín 151 sí 3.5, ó jẹ́ kílówáàtì 43. Páńẹ́lì oníwáàtì 550, ẹ nílò 79. Ẹ ra 80. Ẹni tó bá sọ fún yín pé 50 tó, ẹ bi í pé oṣù wo ló fi ṣírò.

Ti bátìrì, ohun tí mo fara mọ́ ni kó lè gbé odidi ọjọ́ kan: yúnìtì 113 tí ẹ óò lò gangan. Lithium, irú tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, ṣeé fà dé ìdá 85 nínú 100 láìṣe é níbi, nítorí náà bátìrì tó gba nǹkan bí yúnìtì 133 ni ẹ ó rà. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí oníjẹ́ẹ̀lì ni, a kì í fà á kọjá ìdajì, ẹ ó wá ra èyí tó gba 226. Ooru wa sì máa ń pa á láàárín ọdún mélòó kan. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pinnu ẹni tó ni ín

Ọ̀nà méjì ló wà. Kí ilé iṣẹ́ kan fowó rẹ̀ kọ́ ọ, kó sì máa ta iná fún yín; tàbí kí abúlé dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ kó ní in fúnra rẹ̀. Abúlé tí kò tíì fi ẹgbẹ́ àjọ tàbí ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́jà kan dúró fún ọdún mẹ́ta láìjà, kí ó má dá ọ̀nà kejì lé.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, REA, ló ń darí DARES, ètò ìrànwọ́ owó fún iná oòrùn, èyí tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2023 pẹ̀lú $750 mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kọ́ iná fún abúlé ló ń bèèrè ìrànwọ́ lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe Baálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí abúlé dáwó fọ́ọ̀mù DARES fún òun, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀nà.

Ní ti òfin, ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, gbé jáde ní 2016, tó sì tún ṣe ní 2023, gba iná abúlé láàyè dé kílówáàtì 1,000. Lábẹ́ ìlànà yẹn, èyí tí kò bá kọjá 100, bíi tiwa yìí, ìforúkọsílẹ̀ ló nílò, kò nílò ìwé àṣẹ ńlá. Ìpínlẹ̀ Èkó ti wá ní òfin iná tirẹ̀ láti 2024 pẹ̀lú àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀, LASERC. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè ohun tí wọ́n ń gbà lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta yìí: iye tí wọ́n ó máa ta yúnìtì kan àti ọ̀nà tí iye náà fi lè gòkè, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní láti fi tún un ṣe tó bá bàjẹ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí iná ìjọba bá dé abúlé lọ́la. Tí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, ẹ dá ìwé padà.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, ẹ rán àwọn èèyàn lọ sí Gbámù-Gbámù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Iná sólà kílówáàtì 85 ni wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 2018, kò sì jìnnà sí wa. Kí ìyá ẹlẹ́ja kan àti ẹni tó ni ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wà nínú àwọn tó ń lọ. Ìbéèrè tiwọn máa ń yàtọ̀ sí ti àwa ọkùnrin tó kàn ń wo páńẹ́lì lókè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ilẹ̀

Pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, gba páńẹ́lì 80 àti ilé bátìrì, ààyè á sì ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́ kò kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé níwájú Baálẹ̀ àti CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí àwọn ọmọ ẹbí méjì mìíràn sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ owó fàńdéṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti rí ibi tí ọkọ̀ tó gbé irin wá ti sùn sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé ẹnì kan ní wọn ò rí òun.

Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ibi tí omi dé ní ọdún tó kún jù. Wọn ò ní ṣì í. Ẹ wo ara ògiri ilé tó sún mọ́ odò, ẹ ó rí ìlà ẹrẹ̀. Ilẹ̀ ilé bátìrì gbọ́dọ̀ ga ju ìlà yẹn lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó kéré tán. Kò gbọ́dọ̀ sí igi àgbọn nítòsí: àgbọn á fọ́ páńẹ́lì, òjìji rẹ̀ á sì dín iná kù ju bí ojú ti rò lọ, torí páńẹ́lì tí a so pọ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́ dà bí èèyàn tó to ìlà gba omi ọwọ́ sí ọwọ́. Tí òjìji bá bo ẹyọ kan, gbogbo ọ̀wọ́ náà ló máa lọ́ra. Gúúsù ni kí wọ́n kọjú sí, kí wọ́n dagun díẹ̀, bí ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 5: Ríra àti títò

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí torí ọ̀gá oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni yóò ṣe é. Ẹ kàn dúró lé nǹkan mẹ́rin. Irin tí wọ́n rì bọ inú zinc ni kí wọ́n fi gbé páńẹ́lì, kì í ṣe irin tí wọ́n kun lọ́dà; afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í dá irin ọlọ́dà sí. Kí wọ́n ri ọ̀pá sínú ilẹ̀ dáadáa nítorí àrá, kí wọ́n sì fi ohun tó ń gba àrá sí apá páńẹ́lì àti apá tó ń lọ sínú ìlú. Òpó onígi tí wọn kò bá fi oògùn sí, ikán á jẹ ẹ́. Ìkẹrin, ihò èyíkéyìí tó bá wà lára àpótí ínfátà, kí wọ́n fi àwọ̀n kékeré dí i. Lọ́dún kan, ọmọńlé kan ṣoṣo ló pa iná abúlé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí mo tú àpótí náà, ó nà gbalaja láàárín wáyà méjì, ó ti gbẹ bí ẹja yíyan, ojú ibi tó sùn sí ti dúdú. Àwọ̀n tí kò tó ọwọ́ méjì ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Inú ilé àti àwọn mọ́tò

Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bírékà tirẹ̀ tó bá ohun tó sọ pé òun ń lò mu. Ilé kékeré tó bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé, bírékà rẹ̀ nìkan ló yẹ kó já, kì í ṣe ti abúlé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ará ilé mọ̀ pé ọ̀sán ni iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Mọ́tò ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ló le jù. Mọ́tò tó ń lo kílówáàtì 2.2 lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó bá ń gbéra. Mo ti dúró níbi tí bàbá kan ti tan tirẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó yọ ẹ́ńjìnnì Lister kúrò: gbogbo gílóòbù ìsọ̀ wálẹ̀ bí iná àtùpà tí epo tán, ínfátà ké, ohun gbogbo dákẹ́. Bàbá wojú mi. Èmi ni mo gbàgbé láti fi soft starter sí i, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí mọ́tò rọra gbéra. A lọ ra á, a fi sí i lọ́sẹ̀ kejì, kò sì sí wàhálà mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí mọ́tò tí mo máa ń so mọ́ irú iná yìí láìní in. Kí àwọn onílé ẹ̀rọ sì pín àkókò láàárín ara wọn, kí ẹ̀rọ méjì má máa gbéra pọ̀.

Ẹ ra fírísà tó ń ṣí láti òkè. Èyí tó ń ṣí láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹ bá ti ṣí i ni òtútù rẹ̀ ń dà sílẹ̀. Kí fírísà ẹja máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì pa á lẹ́nu dé lóru. Fírísà tó kún, tí yìnyín rẹ̀ dì dáadáa, yóò gbé e mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó

Ẹ jókòó dáadáa síbí.

Tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ iye yúnìtì iná abúlé, èèyàn á pariwo, torí ó máa ń wọ́n ju ti ìgboro lọ. Ẹ má fi wé ti ìgboro tí ẹ kò ní. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní àìbẹ́tà ni kí ẹ fi wé. Ó ń mu nǹkan bí lítà epo 1 kó tó mú yúnìtì 1 jáde. Ẹ wo iye lítà lónìí. Ká má tíì sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti ariwo, tàbí èéfín rẹ̀ tó ti pa odidi ìdílé nínú oorun. A sì rántí May 29, 2023 tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ: epo tí kò tó ₦200 ní lítà di nǹkan bí ₦500 kí ọjọ́ mélòó kan tó pé. Kò sẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí oòrùn.

Mítà tí a ń kọ́kọ́ sanwó sí ni kí ó wà nílé gbogbo. Gbogbo. Baálẹ̀, Ìmáàmù, pásítọ̀, ilé ìwòsàn. Tí ẹ bá fẹ́ ṣàánú ilé ìwòsàn, kí ẹgbẹ́ san ti wọn nínú owó ẹgbẹ́, kó hàn nínú ìwé. Ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ra káàdì níta gbangba, ó ka owó náà lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bèèrè ọ̀fẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí owó yúnìtì ọ̀sán dín díẹ̀ sí ti alẹ́. Ohun tí a bá lò lọ́sàn-án ń ti orí páńẹ́lì bọ́ sínú ẹ̀rọ tààrà. Ti alẹ́ ló ń jẹ ẹ̀mí bátìrì.

Nísinsìnyí, owó bátìrì kejì. Ẹ bèèrè iye bátìrì yín lónìí lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bátìrì LiFePO4 tí wọ́n bá lò bó ṣe yẹ lè pẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Oṣù 120 nìyẹn. Ẹ pín iye náà sí 120, kí ìpín kan sì wọ àpò ọ̀tọ̀ ní báńkì lóṣooṣù kí ẹ tó san owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Èèyàn mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́jà. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bátìrì wọ̀lú, náírà ni ẹ̀yin ń fi pamọ́, nítorí náà ẹ tún iye rẹ̀ bèèrè lọ́dọọdún, kí ẹ sì tún un pín. Tó bá gòkè, kí owó tó ń wọlé gòkè. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló ni iná, ẹ bi wọ́n pé níbo ni owó bátìrì kejì wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí akọ̀wé ka iye tó wà nínú àpò náà sókè níwájú gbogbo abúlé, bó ti wù kó kéré tó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdáná ló kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń fi sítóòfù iná bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: tí ilé 80 bá ń fi iná dáná, ká ní yúnìtì 1.5 lójúmọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan, 120 nìyẹn. Ó ju gbogbo ohun tí abúlé ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ fi ààyè nǹkan bí páńẹ́lì 84 mìíràn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yín, kí ẹ má tíì fi iná yìí dáná. Lọ́dún kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò iná tí a ń dé pinpin, tí ooru omi inú rẹ̀ ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pressure cooker, yóò se ẹ̀wà jinná pẹ̀lú nǹkan bí 0.3 sí 0.4 yúnìtì, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ó dára láàárín agogo méjìlá sí mẹ́ta, nígbà tí bátìrì ti kún, tí iná tó ń bọ̀ látorí páńẹ́lì kò rí ibi lọ. Ìkejì ni omi ẹ̀bà. Lítà 2 kò gbà ju nǹkan bí 0.2 yúnìtì lọ láti hó. Ẹ sè é lọ́sàn-án, ẹ dà á sínú fúláàsìkì, á ṣì gbóná tó fún ẹ̀bà alẹ́.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìyàwó ilé kí wọ́n tó ra sítóòfù irú èyí tí wọ́n ń pè ní induction: ìkòkò alumíníọ̀mù wa kò ní gbóná lórí rẹ̀, àfi ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú spíkà rédíò tó bàjẹ́ lọ sọ́jà, ẹ fi dán an wò. Fùfú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Abọ́ inú ìkòkò iná fúyẹ́, tí ẹ bá fi ọmọorógùn rò ó, ṣe ló máa bá yín yípo. Ìyá mi ò gbà á, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí fùfú ṣì wà lórí iná gáàsì tàbí sítóòfù oníwáyà tó dúró gírígírí.

Yíyan ẹja àti gàrí díndín, èmi ò ní parọ́ fún yín. Ooru tí iṣẹ́ méjèèjì ń fẹ́ pọ̀ jù fún sólà tí abúlé lè rà lónìí. Igi ni yóò ṣì jẹ́. Ẹ kàn mọ ààrò onísìmẹ́ńtì tó ní ihò èéfín, kó má máa já sójú àwọn ìyá. Fírísà yóò sì dín ẹja tí wọ́n ń fi tipátipá yan kù.

Ìgbésẹ̀ 9: Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀

Ọ̀dọ́ méjì, ọmọ abúlé, tí kò ní í kó lọ sí Èkó lọ́la. Mo máa ń wá ìyá ọmọ tàbí ẹni tó ti ní ilé níbẹ̀. Kí wọ́n wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí oníṣẹ́ ń tò ó, kí wọ́n sì máa gba owó oṣù. Kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ àti omi lásán nu páńẹ́lì kí oòrùn tó gòkè, láìfi ọṣẹ sí i, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́. Kí wọ́n gé koríko. Kí wọ́n mọ ọgbà tí ewúrẹ́ kò lè fò, torí ewúrẹ́ fẹ́ràn ibi gíga. Kí wọ́n kọ iye tó wà lójú mítà ńlá sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún oníṣẹ́ pé nǹkan ti ń yí padà kí iná tó kú.

Kí òjò oṣù keje tó dé, ẹ fi Yorùbá kọ ètò bí ẹ óò ṣe máa dín iná kù, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé bátìrì. Tí bátìrì bá wálẹ̀ dé ìdajì ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ pa ìdajì iná ojú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé oòrùn kò yọ fún ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ata á sinmi. Tó bá di ọjọ́ kẹta, tẹlifíṣọ̀n á kú ní agogo mẹ́sàn-án. A kì í ṣí fírísà lóru rárá. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ilé ìwòsàn kò sí nínú ètò yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ óò fi la odidi òjò kan kọjá. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá dé, tí ẹ wo ìwé mítà tí ẹ rí i pé ẹ kò tan án ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ lè tà á pẹ̀lú àwọn àìbẹ́tà tó kù nílé gbogbo. Owó tí ẹ bá rí níbẹ̀, inú àpò bátìrì ni kó lọ.